HANNAH HÖCH: OBÌNRIN TÍ Ó FI SÍSỌ́Ọ̀SÌ SỌ̀RỌ̀

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ìtàn àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn olóṣèlú ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn obìnrin kan tí kò jọba, tí kò sì gbé ìbọn rí, ni mo gbé wá. Sísọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù àti ìwé ìròyìn àlòkù ni ohun ìjà rẹ̀. Hannah Höch ni orúkọ rẹ̀, ará Jámánì sì ni.

Bóyá ẹnìkan yóò bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ obìnrin Jámánì. Òkè Ọya níbí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, aránṣọ sì ni ìyá mi. Ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn kún fún àwòrán obìnrin tí wọ́n gé lára ìwé ìròyìn: èyí wọ ìró àti bùbá, èyí wọ gáùn, èyí wé gèlè gàgàrà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń gé orí ọ̀kan, n óò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òmíràn. Ìyá mi a bá mi wí pé mo ń ba sítáì oníbàárà jẹ́. Eré ni mo pè é nígbà náà. N kò mọ̀ pé obìnrin kan ti fi irú eré bẹ́ẹ̀ bá ìjọba àti àwọn ọkùnrin ìgbà tirẹ̀ wí, tí ó sì mú ojú wọn wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tọ ìtàn náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1889 ni wọ́n bí Hannah Höch ní ìlú Gotha, ní ẹkùn Thuringia ní ilẹ̀ Jámánì. Anna Therese Johanne ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni baba rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì rí jẹ, ó rí mu. Ìyá rẹ̀ a máa yàwòrán nílé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Nígbà tí Hannah pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè máa tọ́jú àbúrò rẹ̀ tí ó kéré jù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí obìnrin láàárín wa, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé èyí púpọ̀. Baba rẹ̀ gbà pé ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, kò sì rí ìdí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fi máa kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó gbà fún un. Ó ti di ẹni ọdún méjìlélógún kí ó tó lọ sí Berlin ní 1912. Kódà nígbà náà, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán gidi ni ó wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó wúlò fún ilé àti òde ni, ní Charlottenburg, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ara gíláàsì. Ìyẹn ni ara baba rẹ̀ lè gbà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Hannah padà sílé, ó sì bá Red Cross ṣiṣẹ́. Ní 1915 ó tún gbéra lọ sí Berlin, ó di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Emil Orlik, olùkọ́ tí a mọ̀ dáadáa nínú iṣẹ́ àwòrán títẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ó pàdé Raoul Hausmann, ayàwòrán kan tí ó wá láti Vienna. Hausmann ní aya, ó sì ní ọmọ. Ọdún méje ni àwọn méjèèjì fi fẹ́ ara wọn, ọkùnrin náà kò sì fi aya rẹ̀ sílẹ̀.

IṢẸ́ NÍ ILÉ ÌTẸ̀WÉ

Ní 1916, Höch rí iṣẹ́ sí Ullstein, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé tí ó tóbi jù ní Jámánì. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ṣe é fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi í sí. Òun ni ó ń ya àpẹẹrẹ léèsì àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn ìwé ìròyìn obìnrin bíi Die Dame. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, igun tí a ń ti obìnrin sí ni ibi yẹn. Ṣùgbọ́n Höch kò fojú kéré iṣẹ́ náà. Ní 1918 ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, níbi tí ó ti rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni ohun tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìgbà tí wọ́n wà hàn nínú rẹ̀.

Àǹfààní ńlá kan wà ní igun yẹn. Nígbà náà, àwọn ìwé ìròyìn Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún fún fọ́tò ni: fọ́tò ọ̀gágun, fọ́tò olóṣèlú, fọ́tò ẹ̀rọ, fọ́tò oníjó, àti ní pàtàkì, fọ́tò obìnrin tuntun tí ó gé irun rẹ̀ kúrú, tí ó ń wa ọkọ̀, tí ó sì ń gba owó oṣù. Ullstein gan-an ni ó ń tẹ Berliner Illustrirte, ìwé ìròyìn alálàyé-pẹ̀lú-fọ́tò tí ó gbajúmọ̀ jù lásìkò náà. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé bẹ́ẹ̀ kò lè wá fọ́tò tì.

BÍ ERÉ SÍSỌ́Ọ̀SÌ ṢE BẸ̀RẸ̀

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1918, Höch àti Hausmann lọ sinmi ní etí Òkun Baltic. Nínú ilé tí wọ́n dé sí, wọ́n rí irú àwòrán kan tí ó wọ́pọ̀ nílé àwọn sójà: àwòrán ológun tí wọ́n ti tẹ̀ ṣílẹ̀, tí ẹni tí ó rà á kàn ń lẹ fọ́tò ojú ọmọ tirẹ̀ mọ́. Ara jẹ́ ti gbogbo ayé, ojú nìkan ni ó jẹ́ ti ọmọ ẹni. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì sọ pé ojú àwọn là sí i pé a lè gé fọ́tò, kí a tún un tò, kí ó sì sọ ohun tí ẹni tí ó ya fọ́tò náà kò fẹ́ sọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Höch yóò ṣa fọ́tò jọ láti inú ìwé ìròyìn. Yóò gé orí, apá, ẹsẹ̀, ẹ̀rọ àti lẹ́tà. Yóò tẹ́ wọn sílẹ̀, yóò máa sún wọn kiri títí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ yóò fi hàn, kí ó tó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Kò wọn orí bá ara: orí ńlá lè wà lórí ara kékeré, orí ọkùnrin lè wà lórí ara obìnrin. Níbi tí wọn kò ti bára mu yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni tí ń lu àgídìgbo ni. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ní búburú, fọ́tò tí ìwé ìròyìn ti fi yin olóṣèlú náà ni ó fi bú u.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1919, Berliner Illustrirte gbé fọ́tò Ààrẹ Friedrich Ebert àti mínísítà rẹ̀ Gustav Noske jáde, àwọn méjèèjì wọ pátá ìlúwẹ̀ẹ́ létí omi, ikùn wọn yọ síta. Höch gé wọn kúrò nínú omi. Ó lẹ̀ wọ́n sórí bébà àpẹẹrẹ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn obìnrin ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ mọ́ aṣọ kí wọ́n tó rán an, tí ó ní òdòdó àti labalábá lára. Báyìí ni àwọn olórí ìjọba ṣe di ọnà ara aṣọ tábìlì.

Ọ̀BẸ ÌDÁNÁ

Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan wà ní Berlin nígbà náà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Dada. Ogun tí ó pa àìmọye ọ̀dọ́ ti mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ ọlọ́lá àwọn àgbà sú wọn, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Hausmann, George Grosz àti John Heartfield wà lára wọn. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àfi Höch. Àwọn ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ òmìnira lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ ńlá àkọ́kọ́ wọn, Grosz àti Heartfield kò fẹ́ kí iṣẹ́ Höch wà níbẹ̀. Ìgbà tí Hausmann halẹ̀ pé òun náà yóò kó tòun kúrò ni wọ́n tó gbà. Ní ìgbà tí ó pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí Hans Richter, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kọ ìwé nípa Dada, ó yìn ín gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin dáadáa tí ó máa ń wá búrẹ́dì, bíà àti kọfí fún wọn nígbà tí owó kò sí.

Ìpàtẹ náà ṣí ní Berlin ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 1920. Níbẹ̀ ni Höch ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù kọ́. Gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 114, ìbú rẹ̀ sì tó 90. Orúkọ tí ó sọ ọ́ gùn gan-an, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni pé òun fi ọ̀bẹ ìdáná Dada la sànmánì ọ̀làjú oníkùn-bíà ti Jámánì já. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe idà, kì í ṣe ìbọn. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé àlùbọ́sà ni.

Nínú àwòrán yìí, Káísà Wilhelm tí ó ti sá kúrò lórí oyè ní 1918 wà níbẹ̀, oníjàkadì méjì ni Höch sì fi ṣe irun ètè rẹ̀. Orí Ọ̀gágun Hindenburg wà lórí ara obìnrin oníjó. Einstein wà níbẹ̀, taya àti ẹ̀rọ wà níbẹ̀, èrò ìgboro wà níbẹ̀. Ní àárín gbùngbùn, oníjó kan ń jó láìlórí, orí Käthe Kollwitz sì ń fò lókè rẹ̀. Kollwitz yìí ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Iṣẹ́ Ọnà ti Prussia, ní 1919.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù ni igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tí ayàwòrán máa ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Höch kò kọ orúkọ síbẹ̀. Ó lẹ àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù tí ó gé láti inú ìwé ìròyìn mọ́ ọn, èyí tí ó ń fi àwọn orílẹ̀-èdè tí obìnrin ti lè dìbò hàn, ó sì lẹ fọ́tò kékeré ojú ara rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 1919 ni àwọn obìnrin Jámánì kọ́kọ́ dìbò yan àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè wọn. Ìbò yẹn ni ó fi ṣe ìfọwọ́sí. Ní Òkè Ọya tí a wà yìí, ọdún 1976 ni wọ́n tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìbò, 1979 ni wọ́n sì tó kọ́kọ́ lò ó. Ìyá àgbà ẹlòmíràn nínú wa wà nínú àwọn tí ó tò lọ́jọ́ náà.

Ìpàtẹ yẹn kò lọ láìsí wàhálà. Wọ́n so ère kan tí ó wọ aṣọ ológun, tí ó ní orí ẹlẹ́dẹ̀, rọ̀ sókè àjà. Ìjọba bínú, wọ́n sì pe Grosz àti àwọn mìíràn lẹ́jọ́ ní 1921 pé wọ́n tàbùkù ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ohun tí ó ń bọ̀ níwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌYÀWÓ, OGE ÀTI ILÉ ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ

Ní nǹkan bí 1920, Höch kọ ìtàn kékeré kan nípa ayàwòrán ọkùnrin tí ó ka ara rẹ̀ sí ẹni ńlá, ṣùgbọ́n tí ayé dà rú mọ́ lójú nítorí pé aya rẹ̀ ní kí ó bá òun fọ abọ́. Ẹni tí ó bá mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde yóò mọ ẹni tí ó ń bá wí. Ní 1922 ó fi Hausmann sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ obìnrin ni ó gba iwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú èyí tí ó pè ní Ọmọge Arẹwà, ní 1920, gílóòbù iná ni ó wà níbi tí orí ọmọge yẹ kí ó wà, àmì ilé iṣẹ́ mọ́tò BMW sì yí i ká. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: obìnrin tuntun tí ìwé ìròyìn ń polówó yìí, ṣé òmìnira ni wọ́n fún un, àbí ọjà tuntun ni wọ́n sọ ọ́ dà?

Láàárín 1924 sí 1934, ó ṣe ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan tí ó pè ní Láti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé. Fọ́tò ère àti ìbòjú láti Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ni ó lẹ̀ mọ́ ara àwọn obìnrin Yúróòpù, tí ó sì gbé wọn sórí pẹpẹ bí ohun àfihàn. Ọ̀kan nínú wọn wà ní New York lónìí: ojú òṣèré obìnrin kan ni, ìbòjú láti Cameroon bo apá kan rẹ̀, adé tí ó ní àwòrán ṣíbí àti ọ̀bẹ sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn ère náà ní orúkọ, wọ́n ní ọjọ́ ọdún, wọ́n ní ẹni tí ń bọ wọ́n, kí wọ́n tó di ohun ìwòran nínú àpótí gíláàsì. Höch pàápàá kò bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, n kò sì ní tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan: pé bí wọ́n ṣe ń gbé ère àjèjì kalẹ̀ láti máa wò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé obìnrin kalẹ̀.

Ní 1926 ó pàdé Til Brugman, obìnrin òǹkọ̀wé ará Netherlands. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì jọ gbé, ní The Hague lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Berlin, fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. The Hague ni ó ti ṣe ìpàtẹ àdáṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, ní 1929.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA GBÉ SÍSỌ́Ọ̀SÌ TIRẸ̀

Ní 1932, wọ́n ti ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Dessau. Àwọn Nazi ti gba agbára ní ìlú náà. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, ìpàtẹ sì wọmi. Ní oṣù kìíní ọdún 1933, Hitler di olórí ìjọba. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún, wọ́n dáná sun ìwé ní gbàgede Berlin. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti jáde pé oníṣẹ́ ọnà tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ní 1934, wọ́n fipá gba Ullstein lọ́wọ́ ìdílé Júù tí ó ni ín. Àwọn òbí wa tí wọ́n rí bí àwọn ológun ṣe ti ilé ìwé ìròyìn pa ní Nàìjíríà ní 1993 àti 1994 yóò mọ bí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Ní 1937, wọ́n kó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n pè ní ìbàjẹ́ jọ sí Munich kí ará ìlú lè wá fi ṣẹ̀sín. Lọ́dún yẹn kan náà, Wolfgang Willrich, ọ̀kan nínú àwọn Nazi, tẹ ìwé jáde láti fi àwọn ọ̀tá iṣẹ́ ọnà Jámánì hàn. Ó dárúkọ Höch, ó sì tẹ àwòrán tí ó fi ọ̀dà yà ní 1925 nípa àwọn oníròyìn sínú rẹ̀. Irú ìdárúkọ bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Grosz ti lọ sí Amẹ́ríkà. Heartfield ti sá. Hausmann ti sá. Kurt Schwitters, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, sá lọ sí Norway. Höch dúró.

Ní 1939 ó ra ilé kékeré kan ní Heiligensee, ní ìpẹ̀kun àríwá Berlin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ti fẹ́ Kurt Matthies ní 1938, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Ó dá ọgbà, ó ń gbin ohun jíjẹ, ó sì ń yàwòrán tí kò lè fi han ẹnikẹ́ni. Inú ilé yìí ni ó kó iṣẹ́ àti ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí: ti Hausmann, ti Schwitters, ti Arp. Bí wọ́n bá ká wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lè bá a lọ. Nígbà tí ogun dé ẹnu ọ̀nà Berlin, ó gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà rẹ̀, ó sì ri ẹrù náà mọ́ inú yẹ̀pẹ̀. Wọ́n la ogun já. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ nípa Dada ti Berlin lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ obìnrin tí wọ́n rántí nítorí búrẹ́dì àti kọfí.

ÒPIN AYÉ RẸ̀

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lẹ́yìn ogun, Höch ń gbé Heiligensee lọ, ó ń gé, ó ń lẹ̀. Ní 1971, Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Iṣẹ́ Ọnà ní Berlin ṣe ìpàtẹ kọ́láàjì rẹ̀. Láàárín 1972 sí 1973, ó ṣe kọ́láàjì ńlá kan tí ó fi fọ́tò ara rẹ̀ tò, láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó. Ní 1976, Paris àti Berlin jùmọ̀ ṣe ìpàtẹ ńlá fún un. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1978, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àwòrán ọ̀bẹ ìdáná ti di ti ilé àwòrán ìjọba ní Berlin, àwọn ìwé rẹ̀ sì wà ní Berlinische Galerie.

Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌTÀN NÁÀ

Sísọ́ọ̀sì méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Ìjọba gbé ọ̀kan, ó fi ń gé ènìyàn kúrò. Höch gbé ọ̀kan, ó fi ń gé ohun tí wọ́n sọ nù kí ó lè tún un tò. Èyí àkọ́kọ́ ní ọlọ́pàá àti òfin lẹ́yìn. Èkejì kò ní ju tábìlì kan àti gọ́ọ̀mù. Ọdún méjìlá ni ti àkọ́kọ́ fi lágbára, ó sì wó.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe parí ọ̀rọ̀ sí Jámánì. Ní gbogbo ọjọ́ ayẹyẹ ẹgbẹ́ wa, àwa obìnrin ni a ń se ìrẹsì, a ń bu omi, a sì ń fọ ìkòkò. Kò burú, a kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àwọn tí ó kọ nǹkan sínú ìwé ẹgbẹ́ yìí, kí ẹ ka iye obìnrin tí ó wà níbẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú jẹ́ ìwé ìròyìn: ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀, bí ẹni tí kò wá ni yóò rí lójú àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ mú ọ̀rọ̀ wá fún àtẹ̀jáde tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ, kí ó gé, kí ó lẹ̀. Mo sì bẹ olóòtú wa: bí ààyè kò bá tó, ibikíbi ni kí ẹ gé nínú àpilẹ̀kọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé ìpín yìí.